Ẹ Má Pè É Ní Oògùn

Àṣíborí ọ̀kadà ni wọ́n fi gbá mi lẹ́nu. Eyín mi iwájú kan jáde sọ́wọ́ mi, ó funfun bí àgbàdo tútù. Kí n tó wò ó dáadáa, ẹlòmíràn ti ta mí nípàá láti ẹ̀yìn, mo sì dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú ilé ara mi ní Ìkàrẹ́. Bàtà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìhà mi. Ẹnìkan ń bèèrè ibi tí táyà wà. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé táyà wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ wá bẹntiróò, nítorí táyà lásán kì í tètè gbaná. Mo rántí pé inú mi dùn díẹ̀ pé ó ṣì ku ẹnìkan nínú wọn tó ń ronú létòlétò.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí ni pé mo fẹ́ fi ọmọ mi ṣe oògùn owó. Ẹlẹ́rìí wọn ni ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó dúró lórí ògiri kékeré tó yí ilé wa ká, aṣọ ìsùn ṣì ni ó wọ̀, ó ń nàka sí mi.

"Ó ń fún mi lóògùn! Ojoojúmọ́ ló ń fún mi lóògùn! Dádì fẹ́ pa mí o!"

Òótọ́ ni. Mo ń fún un lóògùn lójoojúmọ́.

"Ta tiẹ̀ ni bàbá yìí?" ni ohùn kan bèèrè lókè orí mi.

"Dókítà ni wọ́n ń pè é."

"Dókítà kí ni? Ṣé ó ní ọsibítù ni?"

"Kò ní o. Wọ́n kàn ń pè é ní Dókítà ni."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Dókítà tí kò ní ọsibítù, oògùn wo ló wá ń fọ́mọ lò?"

Títí dòní, n kò tíì rí ibi tí ìbéèrè yẹn ti wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wá oyè dókítà náà ní yunifásítì. Ìwé tí mo sì fi gbà á, lórí ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì ni mo kọ ọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó jinlẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn yóò fẹ́ dáná sun mí.

Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọ odó. Ó fi í gbá ẹni àkọ́kọ́ tó kàn lórúnkún, ìyẹn sì jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ jù ú lọ, wọ́n gba ọmọ odó náà, wọ́n tì í lu ògiri. Mẹkáníìkì àdúgbò ló gbà mí. Ó ń sáré bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì.

"Ẹ dúró! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ dúró! Ẹ kọ́kọ́ wo mọ́tò rẹ̀ náà! Ṣé mọ́tò ẹni tó ní oògùn owó nìyẹn? Àná ni mo fi wáyà so ilẹ̀kùn rẹ̀!"

Wọ́n yíjú wò ó. Wọ́n wò ó dáadáa, ilẹ̀kùn oníwáyà, iná ẹ̀yìn tí a fi ọ̀rá pupa dí. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "Bí èyí bá jẹ́ oògùn owó, a jẹ́ pé wọ́n ta ayédèrú fún un." Bí wọ́n ṣe túká nìyẹn. Ẹni tó fi àṣíborí gbá mi tilẹ̀ kí mi pé ẹ pẹ̀lẹ́, sà, kó tó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin wa nígbà náà, òun nìkan ṣoṣo la bí. Ó ń múra ìdánwò àṣewọlé yunifásítì lọ́wọ́ nígbà tí oorun fi í sílẹ̀ lójijì, àárẹ̀ kò sì mú un. Ó fọ gbogbo aṣọ ilé, títí kan èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò sára ògiri pálọ̀, ó ní òun ti rí ohun tí a óò ṣe tí iná kò fi ní í lọ mọ́ ní gbogbo Àkókó. Ọ̀rọ̀ ń sáré lẹ́nu rẹ̀, tẹ̀yìn ń gun tiwájú mọ́lẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí wá wò ó, wọ́n mi orí tìyanutìyanu. "Ọpọlọ bàbá rẹ̀ ló gbé wá," ni wọ́n ń wí. N kò já wọn ní koro. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí bàbá ń já ní koro.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ẹ̀mí ló bà lé e. Wọ́n gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, ó di aríran. Ó ń ríran fún àwọn tó ń wá ọkọ, ó ń ríran fún àwọn tó ń wá físà. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Sunday kan tó na ìka sí díákónì pàtàkì kan, tó ní ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́ tó bá wà láàárín àwọn ọmọbìnrin akọrin. Gbogbo ìjọ ló ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀mí mímọ́ kúrò lára rẹ̀ tí ẹ̀mí èṣù wọlé, gẹ́gẹ́ bí díákónì náà fúnra rẹ̀ ṣe kéde.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ọmọ wa ní kó jókòó kó jẹun. Ọmọ náà gbé áyọ́ọ̀nù, ó sọ ọ́ lù ú. Ó ṣí awọ orí ìyàwó mi, ẹ̀jẹ̀ sì dà wọ inú ọbẹ̀. Mo dì í mú. Ó bù mí jẹ ní apá, ó sì di eyín mọ́ ọn bí ajá, ojú rẹ̀ ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Tẹlifíṣọ̀n gba ojú fèrèsé jáde. Ìyàwó mi, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lójú, ló tú ìró ìdí rẹ̀, tí a fi di ọmọ náà lọ́wọ́, tí a sì gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù kan tó jìnnà sí ìlú wa. Ó ń kọ orin ìyìn lọ ní gbogbo ọ̀nà, ó sì ń fi orí gbá gíláàsì.

Níbẹ̀ la ti bá dókítà gidi pàdé, obìnrin kan tí kò ju ọ̀dọ́ lọ, tó ń jẹ ẹ̀pà nínú ọ̀rá. Ó wò ó, ó dá a dúró sọ́dọ̀ wọn, ó bi wá ní ìbéèrè títí ó fi sú wa. Lẹ́yìn náà ló wá sọ orúkọ àìsàn náà fún wa: bàìpólà. Ó ní àìsàn tó máa ń gbé èèyàn sókè kọjá ààlà ni, tó sì máa ń jù ú sílẹ̀ kọjá ààlà.

"Ṣé wèrè ni?" ni ìyàwó mi bèèrè. Òun nìkan ló láyà láti sọ ọ́.

"Mọ́mì, àìsàn ni. Ó sì ní oògùn."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bá wa wọlé. A dúpẹ́ fún un. A ò rí ọ̀bẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà náà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ kan ni yóò ṣiṣẹ́. Ó ní ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òùngbẹ lè máa gbẹ ọmọ, a ó sì máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní kó máa mu omi dáadáa, kó má gbààwẹ̀, nítorí oògùn náà lè di májèlé lára ẹni tí kò mumi. Ó tún ní bó bá yá, ara rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò sì sọ pé òun kò nílò rẹ̀ mọ́. "Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ má jẹ́ kó dá a dúró."

Nígbà tí a dé ilé, ó ń lò ó tìbínútìbínú. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tíì ń dà sílẹ̀ nínú ife, bírò kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ ìṣirò sára ògiri kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ gún régé. Ní gbogbo ọdún tó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni pé iṣẹ́ àwọn ọ̀tá ni oògùn, pé inú oúnjẹ ni wọ́n sì ń fi í sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ó gbọ́ tí mo ń sọ fún ìyá rẹ̀ nílé ìdáná pé, "Má wulẹ̀ po oògùn náà mọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ lò ó." Bóyá ìdajì ló gbọ́. Ìdajì náà tó. Ó sá jáde, ó gun ògiri, ó sì pe gbogbo àdúgbò.

Lẹ́yìn ìlùkulù náà, ìyá ìyàwó mi wọkọ̀ wá láti Ọ̀kà. Ó ní kí ìyàwó mi máa gbé mi lọ rán ètè, òun yóò dúró ti ọmọ. Wọ́n rán ètè mi. Nígbà tí a padà dé, ilé ṣófo. Gbogbo oògùn rẹ̀ wà nínú gọ́tà níwájú ilé, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́ ẹrẹ̀.

"Màmá ní kí ẹ má fòyà o," ni aládùúgbò wa wí. "Wọ́n ní àwọn ti gbé e lọ sọ́dọ̀ Wòlíì, lórí òkè Ọ̀kà."

Ìyàwó mi wọ inú mọ́tò. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi di ilẹ̀kùn oníwáyà náà mú dé Ọ̀kà.

Orí àpáta ni ilé àdúrà náà wà, pátákó rẹ̀ sì fẹ̀ ju ilé lọ. Gbogbo oyè ọkùnrin náà ló wà lára rẹ̀: Wòlíì, Ajíhìnrere, Bàbá Àgbà nínú Olúwa, Dókítà. Dókítà pẹ̀lú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bá ẹlẹgbẹ́ mi pàdé lórí àpáta.

A bá ọmọ wa nílẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n irin so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin fèrèsé. Aṣọ ti fàya lẹ́yìn rẹ̀, ojú pàṣán sì ti wú lélẹ̀ kọjá ara wọn, àwọn mìíràn ti bẹ́. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó là. Kò pariwo mọ́. Ó ń pọn omi òjò tó wà nínú kòtò àpáta pẹ̀lú ìka, ó ń lá a.

"Ààwẹ̀ ló wà," ni Wòlíì wí. "Ebi ni yóò lé e jáde."

"Lé kí ni jáde?"

"Ẹ̀mí ìwé. Ìwé tí ẹ̀yin ń kà jù ló wọ ọmọ lára."

Mo ti ń gbọ́ àríwísí nípa ìwé kíkà mi tipẹ́, n kò gbọ́ irú èyí rí. Mo ń wá ìdáhùn tó gbọ́n. Ìyàwó mi kò wá ìdáhùn kankan.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ìyá, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà, kí ẹ kúnlẹ̀..."

Agogo àdúrà wà lórí tábìlì, irin tó wúwo ni. Ìyàwó mi gbé e, ó sì là á mọ́ Wòlíì níwájú orí. Agogo náà dún kooo, ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà sórí aṣọ funfun. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bò wá. Ẹnìkan fa ètè mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, okùn rẹ̀ já, mo sì rò pé ojú mi ló ń ya kúrò lára mi. Mo gbá ẹnìkan ní ikùn, mi ò mọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mú pàṣán lọ́wọ́ gbá ìyàwó mi létí, ó ṣubú lulẹ̀.

"Ta ló gbá ọmọ mi létí?"

Ìyá ìyàwó mi ni. Igun ilé ló jókòó sí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọmọ dé, tó ń ṣe àmín. Wọ́n na ọmọ-ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀ títí awọ fi bó, ó ń ṣe àmín, nítorí wọ́n ní ẹ̀mí ni àwọn ń nà. Ṣùgbọ́n etí tí wọ́n gbá yìí, òun ló bí i, ó sì mọ̀ dájú pé kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Ó dìde. Ó já pàṣán gbà lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án, lórí, lọ́rùn, lójú, ó ń bi í bóyá ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ nílé. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó yíjú sí Wòlíì.

"Ẹ fún ọmọ mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ó fún un.

A fún ọmọ lómi. A gbé e sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà, a sì kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà mọ̀ pé kì í ṣe ibi ìyára. Òkú ọkọ̀ àjàgbé kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, imú rẹ̀ fọ́ mọ́ àpáta. Bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, omi tí ọmọ náà mu ti ṣíjú rẹ̀. Ó kígbe:

"Ẹ sáré! Dádì, ẹ fẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì! Ẹ jẹ́ kó lọ!"

Ó ta gìrì láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mí lọ́rùn. Ọwọ́ tí kò lè mú bírò náà, ó fún mi débi pé mo rí ìràwọ̀. Àwọn ìyá rẹ̀ ń fà á, ó ń fà mí. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹsẹ̀ mi. Ọkọ̀ yí, ó fi ìdí gbá òkú àjàgbé náà, ó dúró. Ilẹ̀kùn oníwáyà já lọ sínú igbó. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ló sunkún, orí rẹ̀ sì wà lórí itan ìyá àgbà tó mú un wá síbẹ̀.

A padà sí ọsibítù. Dókítà ẹlẹ́pà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ètè mi, ó wo etí ìyàwó mi, ó ní, "Nínú gbogbo yín, ta ni mo ń tọ́jú gan-an?" A tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àìsàn náà jù ú sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Ó ń sùn, ó ń dojú kọ ògiri, kò sì fẹ́ wẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń jókòó tì í, á mú ife omi dání, kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, èmi náà sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló yíjú kúrò lára ògiri.

"Dádì, ẹ rántí òkè Ọ̀kà?"

"Ọjọ́ tí o fẹ́ já mi lọ́rùn? Rárá, mo ti gbàgbé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ti pàdánù ẹ̀rín yẹn tipẹ́.

"Bó ṣe máa ń rí nínú orí mi nìyẹn. Bí àjàgbé tó ń bọ̀ láti orí òkè, tí kò ní bíréèkì. Ó máa ń dùn, Dádì. Ó dùn gan-an. Èmi ni mo ń wà á. Èmi náà ni gbogbo àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ tí yóò gbá." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. "Ẹ má pè é ní oògùn mọ́. Tí ẹ bá ti pè é bẹ́ẹ̀, igbá oògùn owó ni mo ń rí lọ́wọ́ yín."

"Kí la ó wá pè é?"

"Bíréèkì."

Báyìí ni a ṣe ń pè é. Dókítà náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá àgbà á pè láti Ọ̀kà, ohùn rẹ̀ á gba inú fóònù jáde dé òpópónà: "Ṣé ọmọ ti tẹ bíréèkì?" Aládùúgbò wa bi mí léèrè tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù pé ṣé òótọ́ ni a ń kọ́ ọmọ náà ní mọ́tò wíwà. Kò sẹ́ni tó tún pe táyà.

Ṣùgbọ́n ilé tó ti rí àìsàn yìí kì í fi ojú kan náà wo nǹkan mọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín pẹ́, a ó wo ara wa. Bó bá dákẹ́, a ó wo ara wa. Ó ń rí wa.

Nígbà tó yege ìdánwò rẹ̀, mo pinnu, láìbi í, pé Àkùngbá ni yóò lọ, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kí ojú mi lè tó o. Ìbàdàn lòun fẹ́. Mo ṣàlàyé. Mo ní kókó àkọ́kọ́, mo ní kókó kejì, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìkẹta nígbà tí ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ni mo bá bi í léèrè, jẹ́jẹ́, bí olóye:

"Ṣé o ti tẹ bíréèkì lónìí?"

Lórí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ wa ni gíláàsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dá mi lọ́lá wà, tí wọ́n kọ "Olùkọ́ Àwòkọ́ṣe" sí lára. Mo máa ń jẹ́ kí àlejò jókòó síbi tí yóò ti rí i. Ọmọ náà gbé e, ó sì là á mọ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi. Ó fọ́ yángá. Àfọ́kù kan gé mi lókè kókósẹ̀.

Ìyàwó mi yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọwọ́ mi ti wà níwájú ojú mi.

Ọmọ náà kò kúrò níbi tó wà.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀," ló wí. "Ìbínú yìí, tèmi ni. Dádì, tèmi ni. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n lójoojúmọ́. Ojú rẹ̀ dúró sójú kan, ó mọ̀ mí. Páálí oògùn rẹ̀ wà lórí tábìlì, mo lè nawọ́ mú un kí n ṣí i wò. Ìyá rẹ̀ ń wò mí bóyá màá ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo lọ mú ìgbálẹ̀.

"Ìbàdàn," ni mo wí.

"Ìbàdàn."

Mo gbá àfọ́kù náà jọ. Ó bu omi mu. Kò bẹ̀ mí fún gíláàsì náà, n kò sì ní kó bẹ̀ mí.